Ọ̀rọ̀ Ìyá Oníkẹrosíìnì Tí Mo Túmọ̀ Ní Àbọ̀

Ó ti lé ní ọdún méjì tí mo ti gbé ọ̀rọ̀ yìí pamọ́ sínú. Ǹ bá máa dákẹ́ lọ bẹ́ẹ̀, àmọ́ ẹni tí mo ṣẹ̀ ti wá bẹ̀ mí níṣẹ́ ní ọ̀sẹ̀ yìí, mi ò sì lè jẹ́ iṣẹ́ náà láìkọ́kọ́ bi yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á dé òpin kí ẹ tó bú mi.

Nígbà náà, mo ti jáde yunifásítì, mi ò ríṣẹ́, mo sì ń gbé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ní Ìbà. Ìjọ kékeré kan ní Okokomáìkò là ń lọ. Pásítọ̀ ní kí gbogbo ọmọ ìjọ máa sọ ìgbàgbọ́ wọn fún aládùúgbò. Ó ní, "Ẹnu tẹ́ ẹ fi ń ṣòfófó nídìí ẹ̀rọ omi, ẹ fi sọ ti Jésù!" Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín.

Ẹ jọ̀ọ́, mi ò ní bo ohun tó wà nínú mi. Mo kẹ́gàn wọn. Mékáníìkì tí kò lè ka ẹsẹ Bíbélì kan láìkọsẹ̀, aránṣọ tó ń pe gbogbo ikọ́ ní ẹ̀mí èṣù, àwọn ló fẹ́ lọ ṣàlàyé Ọlọ́run fún ẹni tó kàwé? Mo sọ fún Pásítọ̀ pé wọn yóò dójú tì wá. Ó ní kí n máa tẹ̀ lé wọn, kí n máa ṣe ògbufọ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì fún ẹni tí kò bá gbọ́ Yorùbá.

Bí mo ṣe tẹ̀ lé Ìyá Oníkẹrosíìnì, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ìjọ wa, lọ sí ẹ́sítéètì Ìbà nìyẹn, lọ́sàn-án Sátidé kan. Kẹrosíìnì tó ń tà ń rùn lára aṣọ rẹ̀. Mo ń rìn níwájú kí ẹnikẹ́ni má rò pé ìyá mi ni. Òun sì ń fi mí yangàn: "Akọ̀wé mi rèé o! Bó bá fọ Gẹ̀ẹ́sì, òyìnbó á wá ibi gbà!"

Obìnrin kan ṣílẹ̀kùn fún wa. Kò tíì pẹ́ tó dé Èkó láti ìlà-oòrùn, kò gbọ́ Yorùbá rárá. Ó ní ká má bá òun sọ̀rọ̀ Ọlọ́run, pé òun bímọ ní bí oṣù kan sẹ́yìn, ọmọ náà sì kú. Mo túmọ̀ èyí fún Ìyá bó ṣe yẹ. Ìyá bú sẹ́kún. Ó di ọwọ́ obìnrin náà mú.

"Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Omi ló dànù, agbè ò fọ́."

Kò sí ọmọ Yorùbá tí kò mọ ohun tí ìyẹn jẹ́: ìyá ṣì wà láàyè, yóò tún bí. Èmi náà mọ̀ ọ́n. Àmọ́ mo wojú obìnrin náà, mo sọ lédè Gẹ̀ẹ́sì pé, "Ó ní omi ló dànù." Mo dákẹ́ síbẹ̀.

Ó fa ọwọ́ rẹ̀ yọ. "Ọmọ mi ni omi?"

Mo sọ èjìká. "Ohun tó sọ nìyẹn."

Ó ti ilẹ̀kùn gbàgà mọ́ wa.

"Akọ̀wé, kí ló dé? Kí ni mo sọ?"

"Ọ̀rọ̀ yín ló bí i nínú, mà."

Ó pẹ́ tí mo fi ń tan ara mi pé mi ò purọ́, pé gbogbo ohun tí mo túmọ̀ ló jáde lẹ́nu rẹ̀. Mo ti yẹ̀ ẹ́ wò, irọ́ gbáà ni. Mo fẹ́ kí Pásítọ̀ rí i pé òótọ́ ni mo sọ nípa wọn. Ó sì rí i, nígbà tó gbọ́ bí obìnrin náà ṣe tilẹ̀kùn mọ́ wa. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má lọ wàásù mọ́ àfi bí mo bá ti kọ́ ọ. Mo kọ́ wọn títí ẹ̀rù fi bà wọ́n, wọ́n panu mọ́. Ìyá kò tilẹ̀ gbàdúrà sókè mọ́. Ó ní ẹnu òun ń ṣe èèyàn léṣe.

Mi ò tíì fẹ́ràn ariwo wọn títí dòní. Àmọ́ nínú gbogbo àwọn tí mo kẹ́gàn níbẹ̀, kò sí èyí tó hu irú ìwà tí mo hù.

Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, Ìyá wá bá mi. Ó ní òun rí obìnrin náà ní ibùdókọ̀, òun kúnlẹ̀ kí i, ó sì kọ ẹ̀yìn sí òun. "Akọ̀wé mi, jọ̀ọ́, tẹ̀ lé mi padà lọ. Sọ fún un pé àìmọ̀wé ló ṣe mí, kó forí jì mí. Túmọ̀ ẹ̀ dáadáa o."

Mo ní màá tẹ̀ lé e. Mo lè jẹ́wọ́ fún obìnrin náà lédè Gẹ̀ẹ́sì, Ìyá ò ní mọ̀, yóò rò pé ẹ̀bẹ̀ òun ló wọlé. Tàbí kí n kọ́kọ́ sọ fún Ìyá, kó mọ irú ẹni tó ń fi yangàn.

Sátidé tó ń bọ̀ la fẹ́ lọ. Ẹ jọ̀ọ́, bí Ìyá bá kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà yẹn, tó ń tọrọ àforíjì ẹ̀ṣẹ̀ mi, kí ni kí n sọ pé ó wí?