Òwú Tí Àǹtí Má-Dà-Á-Nù Dà Nù

Àná ni wọ́n sin màmá àgbà ọmọ kan tí mò ń kọ́, tí à ń pè ní Alábẹ́rẹ́, òní ni mo gbọ́. Bàbá tó ń tún bàtà ṣe nísàlẹ̀ ilé mi ló sọ fún mi bí mo ṣe ń jáde. "Àǹtí Má-Dà-Á-Nù, mi ò rí ọ níbi ìsìnkú o. Súẹ́tà aláwọ̀ ewé tó o hun fún màmá yẹn ni wọ́n wọ̀ fún wọn lọ sí sàréè. Ọmọ-ọmọ wọn ló fárí gá pé àfi súẹ́tà yẹn." Mo dúró sórí àtẹ̀gùn bí ẹni tí wọ́n kàn mọ́lẹ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń sọ fún ara mi pé màá lọ bá màmá, màá kúnlẹ̀, màá sọ òótọ́. Ẹsẹ̀ mi ni kò gbé mi lọ. Ẹni tí ǹ bá sọ ọ́ fún ti wọlẹ̀ báyìí, ọ̀rọ̀ náà ò sì gbà kó máa gbé inú mi mọ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́.

Yàrá ẹ̀yìn ilé ìkàwé àdúgbò wa ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọdé bí wọ́n ṣe lè máa lo nǹkan ilé tí kò fi ní di pàǹtírí. Ìgò tó ṣófo, a ó fọ̀ ọ́. Èèpo èso, ìdí òdòdó ló ń lọ. Súẹ́tà tó ti ya, a ó tú u, a ó fọ òwú rẹ̀, a ó so òkúta mọ́ ọn, a ó fi kọ́ kó lè nà, a ó tún un hun. Bí mo bá bi wọ́n pé kí la kì í ṣe, wọn a pariwo: "A kì í dà á nù!" Ibẹ̀ ni wọ́n ti sọ mí lórúkọ yẹn. Kí n má purọ́, orúkọ náà nìkan ló ń bá mi gbélé. Bí mo bá ti kúrò lọ́dọ̀ wọn, ó di yàrá kan, ṣíbí kan, àti ìwé ìtàn tí mo yá. Yàtọ̀ sí bàbá tó ń tún bàtà ṣe, kò tún sẹ́ni tó máa pè mí títí a ó tún fi pàdé.

Alábẹ́rẹ́, tí abẹ́rẹ́ kì í wọ́n lára aṣọ rẹ̀, ló mú súẹ́tà bàbá rẹ̀ tó ti kú wá. Bàbá náà lọmọ kan ṣoṣo tí màmá àgbà bí. "Àǹtí, màmá àgbà ní òtútù ń mú àwọn. Wọ́n ní tí ẹ bá lè fi ti dádì mi hun èyí tó máa gba àwọn, ṣe ló máa dà bíi pé ọmọ àwọn ló dì mọ́ àwọn." Gbogbo wa la jọ tú u. Mo gbé òwú náà lọ sílé, mo sì fọ̀ ọ́ lóòótọ́. Ó yẹ kí n sá a lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n ìwé tí mo ń kà ti dé ibi tó dùn. Mo rọ́ ọ ní tútù sínú ọ̀rá, mo di ẹnu rẹ̀ pa, mo ní ó di ẹ̀ẹ̀kan ná. Nígbà tí mo fi rántí, ó ti bu, ó ń rùn. Ọ̀lẹ ni mí, ẹ má wá ọ̀rọ̀ míì fún un. Ká ní mo tún un fọ̀, bóyá ìdajì rẹ̀ ì bá ṣeé lò. Ká ní mo sọ fún ọmọ yẹn, ì bá sunkún, ì bá sì parí síbẹ̀. Ojú ló ń tì mí. Mo gbé e sínú garawa ìdọ̀tí iwájú ilé, mo fi èèpo bò ó, mo sì dúró lójú fèrèsé títí ọkọ̀ akólẹ̀ fi gbé e lọ. Mo wá lọ ra súẹ́tà tuntun tó jọ ọ́ láwọ̀, mo fi eyín já àmì ilé iṣẹ́ tó wà lọ́rùn rẹ̀.

Bó bá jẹ́ pé ibẹ̀ ló mọ, ì bá sàn. Ṣùgbọ́n Alábẹ́rẹ́ fà mí lọ́wọ́ lọ sílé wọn. Ojú màmá ti ń ṣe bàìbàì. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń ríran. Wọ́n wọ súẹ́tà náà, wọ́n fọwọ́ pa á láti èjìká, ọwọ́ wọn sì dúró níbi ọrùn. "Kí ló ń gún mi níbí?"

"Kókó òwú ni, mà. Mi ò dè é dáadáa."

"Hẹ̀n! Ṣé bó o ṣe ń kọ́ ọmọ mi nìyẹn?" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà, wọ́n rọra béèrè: "Ìyá mi, ṣé òwú ọmọ mi náà ni?"

Alábẹ́rẹ́ ń wo ẹnu mi. Mo ní, "Òun náà ni, mà. Kò sí èyí tó ṣòfò níbẹ̀." Wọ́n ki imú bọ apá súẹ́tà náà, wọ́n ní, "Mo gbọ́ òórùn rẹ̀." Òórùn ṣọ́ọ̀bù ni. Mo dúró níbẹ̀, mo jẹ́ kí wọ́n máa gbọ́ ọ.

Lọ́sàn-án òní, Alábẹ́rẹ́ nìkan wá bá mi ní ilé ìkàwé, ó gbá ìborùn òwú màmá àgbà mọ́ra. "Àǹtí, ẹ bá mi tún èyí hun bí ẹ ṣe hun ti dádì. Mi ò lè gbé e fún ẹlòmíì."

Mo lè gbà á. Mo lè hun ún dáadáa, kò sì ní mọ̀ láéláé. Bí mo bá sọ ọ́, ta ló kù tó máa pè mí? Mo rọra ti ìborùn náà padà sí i láyà.

"Má gbé e fún mi, Alábẹ́rẹ́. Òwú dádì rẹ kọ́ ni màmá àgbà wọ̀ lọ. Mo jẹ́ kó bu, mo dà á nù, mo ra òmíràn, mo sì parọ́ fún ẹ̀yin méjèèjì. Jọ̀ọ́, dárí jì mí bó o bá lè ṣe é. Bí àwọn yòókù bá dé, èmi fúnra mi ni màá sọ ọ́ fún wọn lójú rẹ, mi ò sì ní kọ́ yín mọ́ àfi bí ìwọ bá ní kí n máa kọ́ yín."