Mo Pààrọ̀ Ìjàpá Ìyá Ọkọ Mi

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, bí ẹ bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ yáa rín in tán báyìí, nítorí ọ̀rọ̀ ìjàpá ni. Ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀rọ̀ náà wá dé, kì í ṣe ti ẹ̀rín mọ́. Ojú ìyá ọkọ mi ń fọ́ lọ, irọ́ tí mo pa nítorí ìjàpá ni kò sì jẹ́ kí wọ́n gbà láti lọ ṣe iṣẹ́ abẹ. Mi ò tíì sọ fún ọkọ mi. Mi ò lè sọ fún pásítọ̀ wa, ẹ máa rí ìdí rẹ̀ níwájú. Ẹ̀yin tí ẹ ò mọ̀ mí nìkan ni mo lè jẹ́wọ́ fún, nítorí lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá, Màmá búra níwájú gbogbo ìjọ pé abẹ kankan ò ní kan ojú àwọn.

Aránṣọ ni mí ní Ìkirè. Ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ n'Íbàdàn, òpin ọ̀sẹ̀ ló máa ń wálé, nítorí náà èmi àti Màmá la jọ ń gbé. Èèyàn dáadáa ni Màmá. Dòdò ni wọ́n ń ṣe tà láti ìgbà ọmọge wọn, dòdò Ìkirè tiwa yìí, tó dúdú, tó sì ta lẹ́nu. Mo bá ìyá ọkọ rere pàdé, mi ò ní í purọ́ mọ́ èyí.

Bàbá ọkọ mi ló rí ìjàpá náà lóko wọn ní Ìkirè-Ilé, kí n tó mọ ọkọ mi rárá. Wọ́n gbé e wálé, wọ́n ń sìn ín. Nígbà tí wọ́n ń kú lọ, wọ́n ní kí Màmá bá àwọn tọ́jú rẹ̀. Ẹ̀yin náà sì mọ bí ọ̀rọ̀ ẹni tó ń kú lọ ṣe máa ń rí lára opó.

Lọ́jọ́ tí mo wọlé ọkọ, Màmá gbé ìjàpá náà síwájú mi lójú gbogbo ẹbí. Wọ́n ní, "Ìyàwó, ọkọ rẹ nìyí o. Ó ti wà nílé kó o tó dé." Ẹ sáà mọ bí tiwa ṣe rí: ẹni tó bá ti ṣáájú ìyàwó délé, ì báà jẹ́ ọmọ ọwọ́, ọkọ ìyàwó ni. Mo kúnlẹ̀, mo kí ìjàpá, gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Ìyàwó kì í sì í pe ọkọ lórúkọ, nítorí náà mo fún un ní orúkọ tèmi. Mo ń pè é ní Pẹ̀lẹ́, nítorí ìrìn ẹsẹ̀ rẹ̀. Kò pẹ́ tí gbogbo ilé fi ń pè é bẹ́ẹ̀.

Inú báàfù rọ́bà ni Màmá ń sìn ín sí, lẹ́yìn ilẹ̀kùn ilé ìdáná, níbi tí oòrùn kì í dé. Wọ́n máa ń bu omi sínú báàfù náà, torí wọ́n gbà pé nǹkan omi ni ìjàpá. Oúnjẹ rẹ̀ ni dòdò àti búrẹ́dì, nígbà mìíràn ẹ̀bà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bú wọn. Ìfẹ́ ni. Ohun tó dùn jù lẹ́nu àwọn fúnra wọn ni wọ́n fi ń bọ́ ọ.

Èmi rí i pé ara rẹ̀ kò yá. Igbá ẹ̀yìn rẹ̀ ń rọ̀, bí èèyàn bá fi ìka tẹ̀ ẹ́, ó ń wọnú. Ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Mo rí i, mo sì dákẹ́. Ṣé ìyàwó ni yóò kọ́ ìyá ọkọ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ọkọ? Wọ́n á ní mo ti ń wá àléébù sílé wọn. Bóyá ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀ṣẹ̀ mi ti bẹ̀rẹ̀, mi ò tiẹ̀ mọ̀.

Nígbà tó yá, àbúrò ọkọ mi obìnrin bímọ ní Abẹ́òkúta, Màmá sì lọ bá a wẹ ọmọ. Ojú Pẹ̀lẹ́ ti dì pátápátá nígbà náà. Kí wọ́n tó lọ, Màmá gbàdúrà sórí omi, wọ́n ní kí n máa kán an sí i lójú. Wọ́n di ọwọ́ mi mú. Wọ́n ní, "Ìyàwó mi, má jẹ́ kí n dé bá òkú ẹ̀ o. Ohun tí Bàbá fi sílẹ̀ fún mi nìyẹn."

Mo kán omi náà lóòótọ́. Ojú kò là. Imú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ìfófòó, kò sì jẹun mọ́. Ẹ̀rù bà mí. Oníbàárà mi kan sọ fún mi pé obìnrin kan tó jẹ́ dókítà àwọn ẹranko wà ní Àpòmù. Mo gbé Pẹ̀lẹ́ sínú apẹ̀rẹ̀, mo fi àgékù aṣọ bò ó kí ará àdúgbò má baà bi mí léèrè, mo gun ọ̀kadà lọ síbẹ̀.

Dókítà gbé e sókè, ó wò ó títí. Ó ní, "Mà, ta ló fi í sínú omi?" Mo ní èmi ni. Mi ò fẹ́ kó bú Màmá.

Ó ní ẹran ilẹ̀ ni. Ó lè mumi, ó lè wẹ̀ nínú omi tí kò jìn, ṣùgbọ́n kò lè máa gbénú omi. Ó ní òtútù ti wọ̀ ọ́ láyà. Ó ní àìrí oòrùn àti oúnjẹ tí kò bá a mu ló jẹ́ kí igbá ẹ̀yìn rẹ̀ rọ̀, àìjẹ ewé ló jẹ́ kí ojú rẹ̀ wú. Nígbà tí mo dárúkọ dòdò, ó fọwọ́ bo ẹnu. Ó ní kí n fi í sílẹ̀ lọ́dọ̀ òun, pé yóò gba abẹ́rẹ́, yóò pẹ́ kó tó yá, ó sì lè kú. Mo fi í sílẹ̀. Títí débẹ̀, mo rò pé mi ò ṣe nǹkan burúkú.

Àfi ìgbà tí Màmá pè mí pé ọjọ́ Sátidé làwọn ń bọ̀ wálé.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi rò ó. Mo lè sọ pé, "Màmá, Pẹ̀lẹ́ wà lọ́dọ̀ dókítà." Ṣé kì í ṣe pé ó rọrùn láti sọ? Ṣùgbọ́n wọ́n á béèrè ohun tí dókítà sọ, èmi yóò sì wá sọ pé báàfù yín ni, dòdò yín ni, ẹ̀yin lẹ fẹ́ pa ohun tí Bàbá fi sílẹ̀. Ẹnu mi kò gbà á. Mo wọkọ̀ lọ sí Wásinmi, níbi tí wọ́n ti ń ta ẹran ìgbẹ́ lójú títì. Mo rí ìjàpá kan tí wọ́n so ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́ igi. Ó fẹ́ tó Pẹ̀lẹ́. Mo rà á, mo gbé e wálé, mo fi í sínú báàfù.

Mo rò pé wọ́n á mú mi lójú ẹsẹ̀. Àpá àdá wà lẹ́yìn Pẹ̀lẹ́, èyí kò ní àpá kankan. Pẹ̀lẹ́ dúdú, èyí pọ́n. Màmá dé, wọn ò tíì bọ́ gèlè tí wọ́n fi gbé e. Wọ́n gbé e sún mọ́ imú wọn, bí ẹní fẹ́ gbọ́ òórùn rẹ̀. Wọ́n ké pé, "Ojú ẹ̀ ti là! Ìyàwó, ojú ẹ̀ ti là o!" Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jó nínú ilé ìdáná.

Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé ojú Màmá ti bàjẹ́ ju bí wọ́n ṣe ń sọ fún wa lọ. Ẹní bá ríran kò lè ṣi àwọn méjèèjì mú; ọkọ mi nìkan ni ìbá mọ̀, kì í sì í yà sí ilé ìdáná bó bá wálé. Síbẹ̀, inú mi dùn pé àṣírí mi bò. Ojú ń tì mí láti kọ ìyẹn sílẹ̀.

Màmá jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n ní omi àdúrà la ojú ẹranko tí dókítà kankan kò fọwọ́ kàn. Pásítọ̀ wa gbé orin, ìjọ pàtẹ́wọ́. Èmi náà ṣe halelúyà, mo tún ṣe é kíkankíkan.

Lẹ́yìn náà ni ọkọ mi gbé wọn lọ sílé ìwòsàn ojú n'Íbàdàn. Àwọn dókítà ibẹ̀ ní nǹkan funfun ló bo ẹyinjú Màmá, pé iṣẹ́ abẹ á mú un kúrò, wọ́n á sì ríran dáadáa. Màmá kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n ní, "Ẹni tó la ojú Pẹ̀lẹ́ láìlo abẹ, á la tèmi náà." Ọkọ mi bẹ̀ wọ́n títí, ó bẹ èmi náà pé kí n bá wọn sọ̀rọ̀, pé wọ́n máa ń gbọ́ tèmi. Kí ni mo fẹ́ sọ? Láìpẹ́ yìí epo gbígbóná dà sí wọn lọ́wọ́ nídìí agbada dòdò, torí wọn ò rí etí agbada. Omi àdúrà ni wọ́n tún ń kán sójú.

Ohun tó wá da orí mi rú jù nìyí: Pẹ̀lẹ́ kò kú. Mo lọ wò ó ní Àpòmù. Dókítà ti fi búlọ́ọ̀kù ṣe ọgbà fún un lábẹ́ igi kòkó, ilẹ̀ gbígbẹ, ewé gbígbẹ tó lè sá sí, oòrùn àárọ̀, ibòòji ọ̀sán, àwo omi pẹlẹbẹ. Mo bá a tó ń jẹ gbúre. Ojú rẹ̀ méjèèjì là. Mo jókòó sílẹ̀, mo sunkún.

Ṣé ẹ rí i? Ẹni tí Màmá gbàdúrà fún, ojú rẹ̀ kúkú là. Ṣé Ọlọ́run kò lè gba ọwọ́ dókítà ṣe é ni? Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ṣé ẹ̀rí Màmá jẹ́ irọ́ àbí òótọ́ ni? Ìgbà mìíràn mo máa ń rò ó pé kí n dá Pẹ̀lẹ́ padà, kí n dákẹ́. Ṣùgbọ́n dókítà ní òun ò ní í gbé e fún ẹni tó máa dá a padà sínú báàfù. Bí mo bá sì dákẹ́, Màmá á fọ́jú. Bí mo bá sọ̀rọ̀, wọ́n á mọ̀ pé ọwọ́ àwọn ló fẹ́ pa á, pé àwọn dúró níwájú Ọlọ́run àti èèyàn jẹ́rìí lórí ìjàpá Wásinmi. Mi ò mọ èwo ló máa pa wọ́n jù.

Láàárọ̀ àná, Màmá pè mí sídìí báàfù. Ìjàpá kejì yìí náà ò jẹun mọ́. Mo máa ń gbé e sóòrùn nígbà tí wọ́n bá wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, ṣùgbọ́n kò tó. Ojú rẹ̀ ti wú, ó ti dì. Màmá gbé e sọ́wọ́, wọ́n kọjú rẹ̀ sí mi. Wọ́n ní, "Ìyàwó mi, ìwọ lo ríran. Ṣé ojú ẹ̀ ṣì là?"

Mo wò ó. Mo ní, "Ó là, Màmá. Ó ń wò yín."

Wọ́n ní ògo ni fún Ọlọ́run. Wọ́n gbé e sínú omi padà, wọ́n na ọwọ́ tí epo jó síwájú, wọ́n ń wá ògiri tí wọ́n máa fi ọwọ́ tọ̀ dé yàrá.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ìyàwó ilé bíi tèmi, ẹ bá mi dá sí i. Báwo ni mo ṣe fẹ́ kúnlẹ̀ níwájú obìnrin yìí, kí sì ni ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ yẹ kó jáde lẹ́nu mi?