Àárọ̀ Tí Oòrùn Yọ Lẹ́yìn Bàbá Ràímì

Asalamu alaekumu. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lẹ́yìn, ẹ sún síwájú díẹ̀, àyè wà. Ẹ̀yin ìyá tẹ́ ẹ jókòó lábẹ́ igi máńgòrò, ẹ jẹ́ kí ọmọ yẹn sunkún rẹ̀ tán, ohùn mi ju tirẹ̀ lọ.

Ohun tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí ò gùn. Tí o bá fẹ́ ṣe òbí rẹ lóore, bi í léèrè kí o tó ṣe é. Ó tán. Ẹni tó bá ń kánjú lè dìde máa lọ sílé. Kò sẹ́ni tó dìde? Ó dáa, ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀.

Ọlọ́run Ọba sọ nínú Súúrátùl Ìsírái pé ká má sin nǹkan mìíràn lẹ́yìn Òun, ká sì máa ṣe dáadáa sí òbí. Gbogbo wa la mọ ìyẹn. Àwọn tó ń bá ìyá wọn yan odì níbí náà mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n nínú súúrà kan náà, tí a bá kà á síwájú díẹ̀, Ọlọ́run tún ní ká má tẹ̀lé ohun tí a ò ní ìmọ̀ nípa rẹ̀. Inú súúrà kan ni méjèèjì wà. Ẹni tó bá mú ọ̀kan tó fi èkejì sílẹ̀, ohun tó dé bá Múkáílà lè dé bá a.

Ta ni Múkáílà? Ọmọ Bàbá Ràímì ni, ní Ìsẹ́yìn. Ogójì ọdún ni Bàbá Ràímì fi hun aṣọ òfì kí ojú rẹ̀ tó fọ́. Nígbà tí ojú lọ, orúnkún náà ní òun ò lè dá dúró, ó bá ojú lọ. Bàbá wá ń fi ọ̀pá rìn. Ilé alámọ̀ tí bàbá tó bí i kọ́ ló ń gbé. Àtẹ̀gùn mẹ́ta wà lẹ́nu ọ̀nà, òrùlé ń jò, ìyẹ̀pẹ̀ ń ti òkè àjà já sínú ọbẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú ilé yẹn, ẹ gbọ́ mi dáadáa, Bàbá Ràímì kì í ṣe afọ́jú. Á dìde lórí ẹní, á gbé búútà, á ṣe àlùwàlá, á kọjú sí gábàsì, ìlà oòrùn níbi tí Kábà wà, ọwọ́ rẹ̀ ò ní ṣèèṣì kan ohunkóhun. Ìwọ tí ojú rẹ là kedere, ṣé o lè ṣe bẹ́ẹ̀ nínú ilé tìrẹ? Àná lo gbá ẹsẹ̀ mọ́ àga.

Ọjọ́ kan ni bàbá yọ̀ ṣubú lórí àtẹ̀gùn mẹ́ta yẹn. Wọ́n pe Múkáílà ní Èkó, níbi tó ti ń ta táìsì tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ilẹ̀ ilé. Ọmọ dáadáa ni Múkáílà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni purọ́ fún yín. Ó sunkún lórí fóònù. Ó ní, "Bàbá mi ò ní gun àtẹ̀gùn mọ́ láyé yìí." Ó wá mú bàbá lọ sọ́dọ̀ ara rẹ̀ ní Èkó, ó ní kó wá simi fún oṣù díẹ̀. Kò sọ pé òun fẹ́ wó ilé. Ó fẹ́ kó yà á lẹ́nu.

Wọ́n wó ilé àtijọ́ palẹ̀, wọ́n kọ́ tuntun síbẹ̀, ilé tí wọ́n fi ara bàbá ṣe òṣùwọ̀n rẹ̀. Bí bàbá bá sùn lọ́sàn-án ní Èkó, Múkáílà á yọ́ wọlé, á fi okùn wọn apá rẹ̀, kí irin ìdìmú tí wọ́n fẹ́ kàn mọ́ ògiri lè bọ́ sí i lọ́wọ́ gẹ́lẹ́. Ó wọn ẹsẹ̀, kí àga ilé ìyàgbẹ́ má baà ga jù. Ó wọn èjìká, ó wọn ìgbọ̀nwọ́. Ó wọn gbogbo ara bàbá tán, ẹnu nìkan ni kò wọ̀n.

Kò sí àtẹ̀gùn kankan nínú ilé náà. Ọ̀nà gẹ̀rẹ́ ni wọ́n ṣe, kí ẹlẹ́sẹ̀ dídùn lè máa wọ̀ ọ́ wọ́ọ́rọ́. Ṣùgbọ́n bíríkìlà ní ilẹ̀ iwájú ilé ti ga jù fún ọ̀nà gẹ̀rẹ́, ó ní káwọn kọ ojú ilé sí títì tó wà lẹ́yìn. Múkáílà ní kó kọ ọ́ síbẹ̀. Bí ẹ̀yìn ilé ṣe di iwájú nìyẹn, tí iwájú di ẹ̀yìn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ di ibẹ̀ yẹn mú fún mi.

Ọjọ́ tí wọ́n padà dé, Múkáílà mú bàbá sọ̀kalẹ̀ nínú mọ́tò. Ó ní, "Bàbá, a ti délé."

Bàbá gbé ẹsẹ̀ sókè láti gun àtẹ̀gùn àkọ́kọ́. Kò sí àtẹ̀gùn. Ẹsẹ̀ balẹ̀ gbì. Ó tún gbé e lẹ́ẹ̀kejì, ó tún gbé e lẹ́ẹ̀kẹta, bí àkùkọ tó ń rìn nínú omi òjò.

"Múkáílà, ilé ta nìyí?"

"Ilé yín ni, Bàbá."

"Ṣé mo ti kú ni?"

"Ẹ ò kú o. Ilé tuntun ni mo kọ́ fún yín."

"Ti àtijọ́ ńkọ́?"

"A ti wó o, Bàbá."

Bàbá fi ọ̀pá kan ilẹ̀ tó tẹ́ náà. Ó ní, "Ó yà mí lẹ́nu." Inú Múkáílà dùn, ó rò pé ìyìn ni.

Ìdààmú wá bẹ̀rẹ̀. Bàbá fẹ́ ṣe àlùwàlá, ó na ọwọ́ sábẹ́ ẹ̀rọ omi kó lè wá ibi tí wọ́n ti ń ṣí i. Irú èyí tó ń dá ṣí ni. Omi ń dà. Bàbá ní, "Ọlọ́run á san yín lẹ́san o. Ta ló ń bomi fún mi?" Kò sẹ́ni tó dáhùn. Ó fa ọwọ́ sẹ́yìn, omi dá. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa dà á lọ, mi ò tí ì fọ ẹsẹ̀." Ọjọ́ méjì gbáko ni bàbá fi ń ṣàdúà fún ẹ̀rọ omi. Ó tiẹ̀ ń bi Múkáílà pé, "Ọmọ tó ń bomi yẹn, ta ni bàbá rẹ̀? Ọmọ náà ní ẹ̀kọ́, àmọ́ kì í kí èèyàn."

Ẹ rẹ́rìn-ín, mi ò bínú. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ń bọ̀ tí kò ní jẹ́ kẹ́ ẹ rẹ́rìn-ín mọ́.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ náà, nígbà tí àkókò ìrun tó, bàbá dúró láàárín yàrá. Ó fọwọ́ kan ògiri ọ̀tún, ó ń dán. Ó fọwọ́ kan ti òsì, ó ń dán. Ó ní, "Múkáílà, níbo ni gábàsì?"

Ẹ̀yin jàmáà, ẹ wo ọmọ yìí. Òun ló ra táìsì, òun ló yan ọ̀dà, ó mọ ibi tí wáyà iná gbà nínú ògiri. Wọ́n wá bi í níbi tí Kábà wà, kò mọ̀ ọ́n. Kò kírun rí nínú ilé náà. Ṣé kò lè sọ pé, "Bàbá, ẹ jẹ́ kí n lọ béèrè"? Mọ́sálásí ò ju ìbùsọ̀ kan lọ síbẹ̀. Ojú ń tì í. Ó wá rántí pé nígbà tí òun wà ní kékeré, bàbá máa ń kọ ẹ̀yìn sí ẹnu ọ̀nà tó bá ń kírun. Ó di bàbá léjìká mú, ó yí i kó kọ ẹ̀yìn sí ẹnu ọ̀nà. Ó ní, "Ibí yìí ni, Bàbá."

Ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà ti yí padà. Ẹ̀ ń bá mi bọ̀? Ìwọ̀ oòrùn ni bàbá wá ń kọjú sí, ó kọ ẹ̀yìn sí Kábà. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló fi kírun bẹ́ẹ̀, ìrun márùn-ún lójúmọ́, pẹ̀lú ọkàn kan. Bàbá Líámídì, ọ̀rẹ́ tí wọ́n jọ hun aṣọ, tí ì bá kìlọ̀ fún un, ti lọ kí ọmọ rẹ̀ ní Ṣakí. Múkáílà fúnra rẹ̀ á ní òun ti kírun tòun nínú yàrá. Kí ni ẹ ní kó jẹ́ kí bàbá fura? Kọ́tìnnì nípọn, wọ́n ti fèrèsé pa, ẹ̀rọ amúlétutù ń fẹ́. Oòrùn ò kan ara rẹ̀ láti ọjọ́ tó ti dé.

Lọ́jọ́ kẹwàá, iná lọ. Ooru mú, Múkáílà bá fa kọ́tìnnì, ó ṣí fèrèsé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà. Bàbá ti mu ẹ̀kọ àárọ̀, ó ti gbọ́ ariwo àwọn ọmọ tó ń lọ sílé ìwé, ó wá dìde láti kí ìrun ìyálẹ̀ta. Kó tó kábàrá, ó gbé ọwọ́ lé ẹ̀yìn ọrùn.

"Múkáílà, aago mélòó lù?"

"Mẹ́sàn-án àárọ̀, Bàbá."

"Kí ló ń jó mi lọ́rùn?"

"Oòrùn ni."

"Oòrùn àárọ̀? Níbo ló gbà wọlé?"

"Ẹ̀yìn yín ló wà, Bàbá. Ó ń ràn yẹ̀yẹ̀."

Bàbá kúnlẹ̀ láìwo ti orúnkún. Ẹni tó bá kọjú sí ìlà oòrùn láàárọ̀, tí oòrùn wá wà lẹ́yìn rẹ̀, ibo ni oòrùn ti yọ? Ẹ dá mi lóhùn. Kí sì ni Ànábì sọ fún wa pé ó máa ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ tí oòrùn bá yọ láti ìwọ̀ rẹ̀? Ìlẹ̀kùn túúbá á tì. Ẹni tí kò bá tíì tọrọ àforíjì, ó ti pẹ́ jù.

Bàbá ní, "Múkáílà, ó parí. Àlùkìyámọ̀ ti dé. Asitagifirulahi. Mi ò mọ̀ bóyá wọ́n ṣì ń gba túúbá."

Múkáílà kọ́kọ́ rò pé orí bàbá ti dà rú. Ó yọjú lójú fèrèsé. Ó rántí pé ní kékeré òun, ẹ̀yìn ilé ni oòrùn àárọ̀ máa ń gbà yọ, lókè ibi tí wọ́n ń sá aṣọ sí. Ó wo oòrùn. Iwájú ilé ló wà. Ó wo ilé, ó tún wo oòrùn. Òun náà gbà pé ìwọ̀ ni oòrùn ti yọ. Òun tó ní kí wọ́n yí ojú ilé padà, òun náà gbàgbé.

Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Bàbá, ẹ dárí jì mí kí ìlẹ̀kùn túúbá tó tì pátápátá. Láti ìgbà tí mo ti dé Èkó, mi ò kírun ju ti ọdún lọ. Jímọ́ọ̀ tí mo ń sọ pé mò ń lọ, oúnjẹ ni mò ń lọ jẹ. Mi ò kí ìkankan nínú yàrá yẹn. Gábàsì tí mo fi hàn yín, mi ò mọ̀ ọ́n. Mo kàn fi ọwọ́ sọ ọ́ ni."

Bàbá ò tíì lóye èyí tó gbẹ̀yìn. Ẹ̀rù ń bà á, ó ń sunkún, ọmọ náà ń sunkún. Ibẹ̀ ni Bàbá Líámídì bá wọn, tó ti Ṣakí dé lálẹ́ àná, tó gba ọ̀nà gẹ̀rẹ́ wọlé pẹ̀lú pákò lẹ́nu.

"Ẹ kú ilé o. Ta ló kú?"

Bàbá ní, "Líámídì, ṣé o ò rí oòrùn ni? Àlùkìyámọ̀ ti dé."

"Ó dé ilé yín nìkan? Wọ́n ṣì ń dín àkàrà nílé tèmi." Ó yọ pákò lẹ́nu. "Ràímì, kí lo kọjú sí ìwọ̀ oòrùn fún lórí ẹní ìrun?"

"Gábàsì ni mo kọjú sí."

"Ẹ̀yìn rẹ ni gábàsì wà. Oòrùn ò kúrò níbi tó máa ń wà. Ilé yín ló yí."

Bàbá yí ojú sí ibi tí ooru ti ń wá, ó jẹ́ kó máa jó o lójú. Ìgbà yẹn ni ohun tí ọmọ rẹ̀ sọ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀ ọ́ létí. Ó ní, "Ọjọ́ mẹ́sàn-án. Mo kọ ẹ̀yìn sí ilé Ọlọ́run fún ọjọ́ mẹ́sàn-án."

Bàbá Líámídì ní, "Ọlọ́run mọ ibi tí ọkàn rẹ kọjú sí."

"Mo mọ̀. Síbẹ̀ ó ń dùn mí." Ó na ọwọ́ títí tó fi kan orí Múkáílà. "Irin tí o kàn mọ́ ògiri dára. Ilẹ̀ kò yọ̀, àga ò ga jù. Ká ní o bi mí ni, ǹ bá ti sọ ibi tí gábàsì wà fún ọ kí wọ́n tó gbẹ́ ìpìlẹ̀. Ká ní o sọ pé o ò mọ̀ ni, à bá jọ wá a."

Múkáílà ní, "Ẹ máa bínú, Bàbá."

"Dìde. Ìlẹ̀kùn túúbá ò tíì tì. Lọ ṣe àlùwàlá, kí o wá dúró lọ́tùn-ún mi."

"Mo ti gbàgbé ohun tí wọ́n ń kà."

"Èmi ò gbàgbé. Kọ ojú mi síbi tó yẹ kí n kọ ọ́ sí, èmi á máa kà á sókè fún ọ."

Ohun tí wọ́n ṣe nìyẹn láàárọ̀ ọjọ́ náà, nínú oòrùn, Bàbá Líámídì sì tò sí ẹ̀gbẹ́ wọn.

Bóyá ó yẹ kí bàbá tún ìrun ọjọ́ mẹ́sàn-án kí tàbí kò yẹ, ẹ lọ bi lèmọ́ọ̀mù yín. Ọmọdé ni mí níwájú àwọn àáfà tó wà níbí, mi ò ní fi ọwọ́ lásán sọ gábàsì fún yín. Ohun tó dá mi lójú ni mo sọ. Ìwọ tó fẹ́ kọ́lé fún ìyá rẹ, tó fẹ́ ra àga fún un, tó fẹ́ mú un kúrò lábúlé, jókòó tì í, kí o sọ pé, "Ìyá mi, báwo lẹ ṣe fẹ́ ẹ?" Tó bá sì bi ọ́ ní ohun tí o ò mọ̀, sọ pé o ò mọ̀. Kò sẹ́ni tí ìyẹn pa rí.

Ọlọ́run Ọba tó ń darí oòrùn, darí àwa náà. Ẹni tó ti kọ ẹ̀yìn sí Ọ láìmọ̀, yí i padà jẹ́jẹ́. Àwọn òbí wa tó wà láyé, jẹ́ ká gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu wọn kí ẹnu náà tó dákẹ́. Èyí tó ti dákẹ́ nínú wọn, fẹ ilé tuntun tí wọ́n wà lójú fún wọn. Má sì ti ìlẹ̀kùn túúbá mọ́ ẹnikẹ́ni nínú wa níta. Àmín.