Tírólì Tí Baba Mi Ò Fọwọ́ Kàn

Nígbà tí mo ṣì wà ní ọ̀dọ́, nígbà tí orúnkún yìí ṣì ń gbọ́ràn sí mi lẹ́nu, tí mo lè gun Òkè Patti kí n sì sọ̀ kalẹ̀ kí oúnjẹ àárọ̀ tó jinná… ẹ gbọ́, Lokoja ò rí báyìí. Lokongoma tí ẹ jókòó sí yìí, igbó ni. Abẹ́ Kwara la wà. Ẹni tó bá ní òun ń gbé Lokoja nígbà náà, ẹ̀gbẹ́ odò ló ń gbé, lápá Ọjà Àtijọ́. Ráfíà, ṣé nǹkan tí o gbé dání yẹn ń gba ohùn mi? Ó dáa. Má gbé e sún mọ́ mi nímú.

O bi mí nípa nǹkan onígi tí mo gbé ka orí tẹlifíṣọ̀n yẹn. Ọmọ àlejò á fẹ́ fi ṣeré, èmi á pariwo. Ìyá rẹ á ní, "Baba, ẹ fi í sílẹ̀ fún un, igi lásán ni." Igi lásán… Ó dáa. Jẹ́ kí n sọ ọ́ lónìí.

Baba mi, ọmọ Oworo, àgbẹ̀ ni gbogbo ayé mọ̀ ọ́n sí. Ṣùgbọ́n kó tó máa dáko, kó tó fẹ́ ìyá mi, ó ti ṣiṣẹ́ rélùwéè ní Baro, lókè odò lọ́hùn-ún. Iṣẹ́ wo? Kì í ṣe dírẹ́bà, kì í ṣe akọ̀wé. Ó ń ti tírólì. Ẹ ò mọ̀ ọ́n. Pátákó pẹlẹbẹ kan ni, ẹsẹ̀ irin roboto mẹ́rin wà lábẹ́ ẹ̀, kò ní ẹ́ńjìnnì, kò ní nǹkan kan. Bẹ́ǹṣì wà lórí pátákó, agboòrùn ńlá wà lórí bẹ́ǹṣì. Òyìnbó tó ń yẹ ojú irin wò ló ń jókòó síbẹ̀. Ọkùnrin mẹ́rin ló ń mú un rìn. Méjì á máa tì í láti ẹ̀yìn, ẹnì kan lórí irin ọ̀tún, ẹnì kan lórí irin òsì. Wọ́n á máa sáré lórí irin gan-an o, kì í ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Méjì tó kù á jókòó sinmi. Tó bá rẹ àwọn tó ń tì í, wọ́n á pààrọ̀. Tí wọ́n bá dé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, gbogbo wọn á fò gùn ún, ó di fìììì…

Baba máa ń sọ ọ́ pé, "Ẹsẹ̀ lásán ni o. Bàtà á yọ̀. Ẹsẹ̀ lásán ló ń di irin mú."

Ta ló gbà á gbọ́? Kò sí ojú irin ní Lokoja nígbà náà. Ọkọ̀ ojú omi la mọ̀. Ọkọ̀ ojú irin tí èèyàn ń fọwọ́ tì, ta ló rí irú ẹ̀ rí? Lábẹ́ igi dóńgóyárò ní Paparanda, níbi táwọn àgbà ń jókòó sí lẹ́yìn ìrun ìrọ̀lẹ́, ẹ̀rín ni wọ́n ń fi Baba rín. Ẹni tó burú jù nínú wọn ni Baba Jímọ̀, ọ̀rẹ́ ẹ̀ láti kékeré. Òun ló máa ń wẹ òkú ní mọ́sálásí wa, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó mọ àwàdà tó o. Á kí i bí a ṣe ń kí ara wa níbí, "Okun o, Baba Tírólì! Èèyàn ń sáré lórí irin? Ṣé ológbò ni ọ́ ni?" Gbogbo wọn á bú sẹ́rìn-ín. Orúkọ yẹn wá mọ́ ọn lórí. Baba Tírólì.

Èmi ńkọ́? Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo gbọ́dọ̀ sọ òótọ́, ọjọ́ orí mi ti kọjá ibi irọ́. Mo jókòó síbẹ̀, mo jẹ́ ọmọ ẹ̀, mo sì bá wọn rẹ́rìn-ín.

Ó wá di ìgbà tí wọ́n ń wọn ilẹ̀ fún ojú irin tó máa kó òkúta irin lọ sí Ajaokuta. Òyìnbó pọ̀ nílùú nígbà yẹn. Èmi ń wa mọ́tò fún ọ̀kan nínú wọn, ọkùnrin gíga, irùngbọ̀n ẹ̀ pupa. Mai Gemu làwọn ará ọjà ń pè é, onírùngbọ̀n lédè Haúsá. Ilé tó háyà, ẹ ò lè gbàgbọ́. Lórí tábìlì ibi tó yẹ kó ti máa jẹun, ọkọ̀ ojú irin kéékèèké ló tò síbẹ̀. Àwọn tó ṣàjèjì nìkan ló fẹ́ràn, àwọn ti ayé ọjọ́un. Ọ̀kan wà tó jẹ́ mọ́tò lásán, wọ́n wá yọ táyà ẹ̀, wọ́n fi ẹsẹ̀ irin sí i. Ọ̀kan wà tó jẹ́ pé èèyàn méjì ló ń fa ọ̀pá ẹ̀ sókè sódò kó tó rìn. Inú páálí ni wọ́n ti ń wá láti òkè òkun, wẹ́wẹ́ wẹ́wẹ́ bí egungun ẹja, òun á fi ẹ̀mú kékeré mú wọn, á lẹ̀ wọ́n pọ̀, á kùn wọ́n lọ́dà. Àgbàlagbà! Mo kọ́kọ́ rò pé orí ẹ̀ ò pé. Nígbà tó yá, èmi náà jókòó tì í. Iṣẹ́ yẹn mọ́ mi lọ́wọ́, ó sọ bẹ́ẹ̀ fúnra ẹ̀.

Lọ́jọ́ kan ni mo ṣèèṣì sọ fún un pé, "Baba mi ń sọ pé òun ń ti tírólì ní Baro." Mo fi ṣe àwàdà ni. Mai Gemu ò rẹ́rìn-ín. Ó gbé ẹ̀mú ẹ̀ sílẹ̀. Ó ní, "Sule, carry me go meet am."

Ojú Baba ti fọ́ pátápátá nígbà yẹn. Ó jókòó sórí ẹní, Mai Gemu jókòó sílẹ̀ níwájú ẹ̀, ó ń bi í, èmi ń túmọ̀. Báwo ni bẹ́ǹṣì ṣe gùn tó? Baba na apá ẹ̀. Bíréèkì ńkọ́? Baba ní ọwọ́ òsì ló wà, igi ni wọ́n fi ṣe é, ó máa ń rùn bí nǹkan tó jó tí wọ́n bá fà á. Òyìnbó ń ya gbogbo ẹ̀ sínú ìwé. Nígbà tó parí, ó ní òun ti rí àwòrán irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ rí, òun ò mọ̀ pé òun máa bá ẹni tó tì í pàdé láyé.

Ṣé ẹ mọ ohun tí Baba ṣe nígbà tí mo túmọ̀ ìyẹn fún un? Ó sunkún. Ọkùnrin tí kò sunkún níbi òkú ìyá mi.

Mai Gemu ò rí páálí tírólì rà níbì kankan, ló bá gé e fúnra ẹ̀. Ike funfun pẹlẹbẹ ló fi gé e, gbogbo ẹ̀yà ẹ̀ pátá, títí kan ọ̀pá agboòrùn. Kò tíì tò ó tí iṣẹ́ ẹ̀ fi parí, tí wọ́n ní kó máa bọ̀ nílé. Ó kó gbogbo ẹ̀ sínú páálí, ó fi àwòrán lé e lórí, ó gbé e fún mi. Ó ní ọmọ ló yẹ kó tò ó fún baba ẹ̀. Ó wá na ìka sí mi, ó ní, "Sule, no put am for sun." Má sá a sóòrùn. Mo ní mo gbọ́. Ṣé mo gbọ́ lóòótọ́?

Mo sọ fún Baba pé màá tò ó tán lọ́jọ́ Jímọ̀ tó ń bọ̀. Ó ní kí n pe àwọn ará Paparanda wá sílé lẹ́yìn ìrun. Ó ní, "Kí Baba Jímọ̀ fojú ẹ̀ rí i. Kí èmi fọwọ́ kàn án. Mi ò fẹ́ nǹkan mìíràn mọ́ láyé, Sule."

Láàárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ yẹn ni mo kun àwọn ẹ̀yà ẹ̀ lọ́dà dúdú kí n tó lẹ̀ wọ́n pọ̀, bí mo ṣe rí i tí Mai Gemu ń ṣe. Ọ̀dà ò tètè gbẹ. Ìrun ti ń kù sí dẹ̀dẹ̀. Ìyá yín àgbà, Sàlámátù, ti sá gbodo sórí àpáta ẹ̀yìnkùlé láti fi ṣe èlùbọ́. Ẹ̀yin ẹ rò ó wò. Kí ni a kì í sá lórí àpáta yẹn? Gbodo ń bẹ níbẹ̀, ata ń bẹ níbẹ̀, ẹja, aṣọ, tìmùtìmù ọmọ tó tọ̀ sílé. Gbogbo ohun tó bá tutù lọ́wọ́ ará Oworo, àpáta ló ń gbé e lọ, bàbá wa ṣe bẹ́ẹ̀, bàbá bàbá wa ṣe bẹ́ẹ̀. Mo ní ọ̀rọ̀ òyìnbó nìyẹn, oòrùn òkè òkun ló ń sọ. Oòrùn wa ò pa nǹkan lára rí. Mo tò wọ́n sínú tíréè, mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ gbodo, mo lọ kírun.

Oòrùn Lokoja kí òjò tó bẹ̀rẹ̀… ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n.

Nígbà tí mo dé, wọ́n ti ká kò. Gbogbo wọn. Pátákó ẹ̀ ká bí awọ ẹran tí iná rà. Ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wọ́, kò sí roboto mọ́. Ọ̀pá agboòrùn dọ̀bálẹ̀. Gbodo tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ gbẹ dáadáa, kò sóhun tó ṣe é. Mo dúró lórí àpáta yẹn. Mo sì ń gbọ́ ohùn àwọn àgbà tí wọ́n ń wọlé bọ̀ níwájú ilé, tí wọ́n ń kí Baba.

Kí ni mo ṣe? Mo purọ́. Mo wọlé, mo dọ̀bálẹ̀, mo ní ẹ̀yà kan sọnù nínú páálí, mo ti kọ̀wé sí Mai Gemu, ó máa fi í ránṣẹ́. Baba Jímọ̀ pàtẹ́wọ́. Ó ní, "Hẹn-ẹn! Ọkọ̀ tó ń sáré lórí irin ti sáré lọ!" Ilé dà rú fún ẹ̀rín. Baba ò rín. Ó ti na ọwọ́ ẹ̀ méjèèjì síwájú, ó ti la àtẹ́lẹwọ́ sílẹ̀ kí n gbé nǹkan lé e. Ó rọra kó wọn padà sórí itan. Ó ní, "Kò burú."

Láti ọjọ́ yẹn, tí n bá ti lọ kí i láàárọ̀, kó tó dáhùn, á ní, "Sule, ṣé ó ti dé?"

"Ó ń bọ̀, Baba."

Mo kọ̀wé lóòótọ́. N kò rí èsì. Bóyá kò dé ibẹ̀, bóyá òun náà ti kú, n kò mọ̀. Mo lè sọ òótọ́ fún Baba. Mo lè gbé èyí tó wọ́ yẹn fún un kó fọwọ́ pa á, kí n ní "Baba, ẹ jọ̀ọ́, mo ti bà á jẹ́." Ṣé ó máa pa mí ni? Ojú ló tì mí. Ojú tì mí, òjò bẹ̀rẹ̀, iṣu tuntun jáde, ó ṣì ń bèèrè. "Sule, ṣé ó ti dé?" "Ó ń bọ̀, Baba." Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí mo wọlé, kò bèèrè. Ó ti kú.

Baba Jímọ̀ ló wá wẹ̀ ẹ́. Mo ń bu omi fún un. Ó wẹ orí, ó wẹ apá, ó ń ṣe é jẹ́jẹ́, ó ń gbàdúrà. Nígbà tó dé ẹsẹ̀, ó dúró. Ó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún sókè, ó wò ó. Ó gbé ti òsì. Ó ní, "Sule. Wá wo èyí."

Àpá ni. Ojú iná àtijọ́, ó ń dán, ó fẹ̀ tó ìka mẹ́ta, ó gba àárín àtẹ́lẹsẹ̀ lọ tààrà láti ìdí ọmọ ìka dé gìgísẹ̀. Lẹ́sẹ̀ méjèèjì. Irin tí oòrùn ọ̀sán pa, ẹsẹ̀ lásán… Ibẹ̀ ló wà láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi. Inú ilé kan náà là ń gbé. Ta ló wo àtẹ́lẹsẹ̀ baba ẹ̀ rí?

Baba Jímọ̀ jókòó sílẹ̀ nínú omi yẹn. Ó di ẹsẹ̀ ọ̀rẹ́ ẹ̀ mú, ó ní, "Ó sọ fún wa. Ó ṣáà sọ fún wa." Kò lọ sí Paparanda mọ́ lẹ́yìn ọjọ́ yẹn, kò sì pa èèyàn lẹ́rìn-ín mọ́.

Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn. Mo mú àwòrán Mai Gemu, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ẹ nígi. Mo bà á jẹ́, mo tún un ṣe, ọdún ń lọ. Sípóòkù kẹ̀kẹ́ ni ọ̀pá agboòrùn yẹn. Ọdún tí wọ́n dá Kogi sílẹ̀, tí gbogbo ìlú ń jó pé a ti di olú ìlú, ọdún náà ni mo parí ẹ̀. Mo gbé e lọ fún Baba Jímọ̀. Òun náà ò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́. Ó fọwọ́ pa á, bẹ́ǹṣì, bíréèkì, ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ó ní, "Ó dáa gan-an. Ta la wá fẹ́ fi hàn?"

Ayé ti yí. Ojú irin ti dé apá ọ̀dọ̀ wa báyìí, èèyàn ń wọ ọkọ̀ ẹ̀ lọ sí Warri, afẹ́fẹ́ tútù ń fẹ́ sí wọn lára. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, tí àgbà bá sọ nǹkan, fóònù lẹ máa bi léèrè bóyá òótọ́ ni. Ẹ ò burú jù wá. Àwa ò ní fóònù, a ò sì bi ẹnì kankan.

Ó tó. Gbé e sílẹ̀, Ráfíà, má gbà á mọ́. Sún mọ́ mi níbí. Bá mi bọ́ bàtà mi, wo àtẹ́lẹsẹ̀ mi, kí o sì bi mí léèrè ohunkóhun tí o bá rí níbẹ̀.