Ìwé Tí Mo Ní Kí Ìyá Dúró Fi Dáná

Ẹ̀yin ará, kò wù mí láti dìde síwájú yín. Ìyàwó mi ní kí n dákẹ́, kí wọ́n má baà sọ pé orí mi ti dàrú. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ohun tí mo rí bà mí ju ẹ̀rù ẹnu ènìyàn lọ.

Ẹ mọ iṣẹ́ mi. Mo ní tábìlì kan níwájú ilé ẹjọ́, mo máa ń bá àwọn ènìyàn kọ lẹ́tà àti ìwé ìbúra. Wọ́n ń pè mí ní Lọ́yà. N kì í ṣe lọ́yà, ilé ẹ̀kọ́ girama ni mo kà mọ. Síbẹ̀, bí wọ́n bá pè mí bẹ́ẹ̀, mo máa ń dáhùn.

Ní ọjọ́ kẹta ààwẹ̀ wa, lẹ́yìn àdúrà ọ̀sán, mo fara ti ògiri ṣọ́ọ̀ṣì yìí, oorun sì gbé mi lọ. Mo rí ọkùnrin aláṣọ funfun kan tó dúró tì mí, kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Dìde, wọ́n ń pè ọ́." Mo ní, "Ta ni, sà?" Ó yíjú, ó ń lọ. Mo tẹ̀ lé e.

A dé ilẹ̀ kan tó gbóná bíi páànù inú oòrùn. Àwọn ènìyàn jókòó síbẹ̀, wọ́n ń fi ahọ́n lá ẹnu àpòòwé kó lè lẹ̀, ohun tí wọ́n ń lá sì ń hó bí ọ̀dà tí wọ́n fi ń ṣe títì. Bí wọ́n bá lá ọ̀kan tán, òmíràn á bọ́ sí wọn lọ́wọ́.

Amọ̀nà mi ní, "Wọ́n mọ̀ pé ilé ẹni tí wọ́n pè lẹ́jọ́ ti ṣófo, ibẹ̀ ni wọ́n fi ìwé ìpẹ̀jọ́ ránṣẹ́ sí. Wọ́n wá búra pé ó ti tẹ onítọ̀hún lọ́wọ́."

Níwájú díẹ̀, wọ́n ń pe orúkọ ọkùnrin kan ní kóòtù. Ó ń pariwo pé, "Èmi nìyí!" ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò jáde. Adájọ́ ní, "Kò wá," ó dá a lẹ́bi, wọ́n sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í pè é. Amọ̀nà mi ní, "Ó gba ìyàwó oníyàwó. Ìlú tí ọkọ obìnrin náà kò gbé ni wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi ìwé ìkọ̀sílẹ̀ ránṣẹ́ sí, kó má baà gbọ́."

Lẹ́yìn èyí, atẹ́gùn tútù fẹ́ sí mi láti ẹnu ilẹ̀kùn kan tó mọ́lẹ̀. Mo rí Màmá Rẹ̀mí, tó ń tẹ̀wé lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì mi kó tó kú. Ara rẹ̀ ń dán. Ó bú sẹ́rìn-ín. "Lọ́yà ayédèrú! Ta ló ṣílẹ̀kùn fún ọ?"

Amọ̀nà mi ní, "Ohun tí obìnrin yìí kò bá mọ̀ nígbà ayé rẹ̀, ó máa ń sọ pé òun kò mọ̀ ọ́n, á sì mú ẹni tó ni ìwé lọ bá agbẹjọ́rò."

Mo fẹ́ wọlé. Màmá Rẹ̀mí na ọwọ́ dí mi lọ́nà, ẹ̀rín ti kúrò lójú rẹ̀. "Ìyá Dúró ńkọ́?"

Ẹ̀yin ará, opó ni Ìyá Dúró. Àbúrò ọkọ rẹ̀ pè é lẹ́jọ́ nítorí ilé tó ń gbé, ìwé náà sì gba ilé ìfìwéránṣẹ́ wá. Ó mú un wá fún mi. Mo ní, "Ìyá, akódà kóòtù ni í fi ìwé ilé ẹjọ́ léni lọ́wọ́. Ìwé lásán lèyí, ẹ fi dáná." Ó súre fún mi. Ojú ìwé kan ṣì wà lẹ́yìn tí n kò ṣí. Ìyá ń wò mí bí ẹni tó mọ̀ ọ́n, ojú sì tì mí láti sọ pé n kò rí irú rẹ̀ rí.

Amọ̀nà mi gbá mi lápá mú, ó wọ́ mi dé etí ọ̀gbun, ibẹ̀ ni èrò tò sí, ìwé tó ń jó lọ́wọ́ wọn, wọ́n ń ké pé Lọ́yà, kí ni ká ṣe, Lọ́yà, kí ni ká ṣe, ẹnu mi sì ń ṣí fúnra rẹ̀, ó ń sọ pé ìwé lásán ni, ẹ fi dáná, bí mo bá sì ti sọ ọ́ ni iná á ràn mọ́ mi láṣọ, mo fọwọ́ bo ẹnu, ọwọ́ mi ń jó, ẹnu mi kò dákẹ́!

Amọ̀nà mi wá ṣí ojú ìwé tó wà lẹ́yìn sí mi lójú. Adájọ́ ló pàṣẹ pé kí wọ́n fi ìwé náà ránṣẹ́ gba ilé ìfìwéránṣẹ́. Bí ìyá kò bá dáhùn títí ọjọ́ tí wọ́n dá, wọ́n á gbọ́ ẹjọ́ láìsí rẹ̀ níbẹ̀.

Ó ní, "Ọjọ́ náà kò tíì kọjá. Padà."

Omi tí wọ́n dà sí mi lára ló jí mi. N kò ṣínu, mo sáré lọ bá ìyá.

"Ìyá, ìwé ọjọ́ yẹn dà?"

"Èyí tí ẹ ní kí n fi dáná? Mo ti fi se ẹ̀kọ mu."

Mo dì í lọ́wọ́ mú. A lọ sí ilé ẹjọ́. Akọ̀wé ibẹ̀ mú fáìlì jáde, ojú ìwé ẹ̀yìn náà wà níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí mo ṣe rí i. Ọjọ́ méjì ló kù. Nígbà tí a sọ fún un pé èyí tó wà lọ́wọ́ ìyá ti jóná, ó ní, "Ìyá, ta ló ní kí ẹ sun ún?"

Ìyá wò mí, kò sọ̀rọ̀. Ó ń bo àṣírí mi.

Mo ní, "Èmi ni, sà."

Akọ̀wé náà júwe àwọn agbẹjọ́rò tó ń ran aláìní lọ́wọ́ fún wa. Wọ́n ti bá ìyá fi èsì sílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹjọ́ kò tíì parí, n kò sì mọ̀ bóyá ìyá yóò pàdánù ilé náà.

Mẹ́rin nínú ẹ̀yin tó jókòó síbí ni mo ti gbà nímọ̀ràn lórí ìwé ilé ẹjọ́. Ẹ mọ ara yín. N kò mọ ohun tí mo ń sọ nígbà yẹn. Ẹ má dúró kí ìsìn parí. Ẹ dìde báyìí, ẹ mú ìwé yín lọ bá ẹni tó mọ̀ ọ́n, bóyá ọjọ́ tiyín náà kò tíì kọjá.