Nọ́ńbà Sámúẹ́lì Ni Mo Fi San Owó-Orí

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí, ẹ fi sùúrù gbọ́ tèmi. Mo ń mí, mo ń jẹun, mo sì ń rìn kiri ìgboro Lọ́kọ́ja, ṣùgbọ́n ó ju ọdún kan lọ tí mo fi jẹ́ òkú nínú ìwé ilé-iṣẹ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó kú gan-an, òun ló ń gbowó, òun ló ń san owó-orí, òun ló ń tẹ̀ka sí fọ́ọ̀mù ìjọba. Èmi ni mo sì ń bá a tẹ̀ ẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi. Bí ẹ bá gbọ́ ọ dé òpin, ẹ ó rí i pé kò sí èébú tí mi ò tíì fi bú ara mi. Mi ò tíì pé ogójì ọdún, ṣùgbọ́n gbogbo irun orí mi ló ti funfun, àwọn ọmọdé àdúgbò sì ń kí mi ní bàbá àgbà.

Ilẹ̀ Bùnú ni èmi àti Sámúẹ́lì ti wá, abúlé kan náà la ti dàgbà. A jọ ríṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ òyìnbó kan tó ń fi ọkọ̀ ojú omi kó ẹ̀pà àti èkùrọ́ lórí Odò Ọya. A ò lórúkọ níbẹ̀. Nọ́ńbà ni wọ́n fi ń pè wá, wọ́n á kọ ọ́ sára idẹ pẹlẹbẹ kan tí a ń so mọ́ ọrùn. Bí o bá fi idẹ rẹ hàn lẹ́nu géètì láàárọ̀, o ti wọṣẹ́ nìyẹn. Bí o bá fi hàn lójú fèrèsé akọ̀wé ní Sátidé, o gbowó. Mọ́kànlélọ́gọ́ta ni tèmi, mẹ́tàdínláàádọ́ta ni ti Sámúẹ́lì. Òun ló ń wa ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbé ẹrù sókè, owó rẹ̀ sì ju tèmi lọ dáadáa. Ó ti níyàwó, ó ti bímọ méjì. Èmi kò ní nǹkan kan àfi ẹnu dídùn. Àwa òṣìṣẹ́ wá ní àṣà kan tí òyìnbó kò mọ̀: bí ara ẹnìkan kò bá yá, ẹni tó wà nílé lọ́jọ́ yẹn á gba idẹ rẹ̀ sọ́rùn, á bá a ṣiṣẹ́, kí owó rẹ̀ má baà dín. Olórí wa, ọmọ Núpé kan tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, mọ̀ ọ́n, ibòmíràn ló kàn máa ń wò.

Lọ́jọ́ burúkú tí mò ń wí yìí, èmi ló yẹ kí n bá ọkọ̀ kékeré kan lọ. Mo sọ fún Sámúẹ́lì pé inú ń run mí. Irọ́ ni! Obìnrin kan tó ń ta ẹja ní Kpata, àdúgbò ọjà kan létí odò, ló ní kí n wá, mi ò sì fẹ́ kí ọjọ́ yẹn fò mí. Sámúẹ́lì, tí kò níṣẹ́ lọ́jọ́ náà, kò bi mí ní ìbéèrè kan. Ó gba idẹ mi, ó fi tirẹ̀ sílẹ̀ lọ́wọ́ mi, torí ẹni tí wọ́n bá rí idẹ méjì lọ́rùn rẹ̀, iṣẹ́ ti bọ́ nìyẹn. Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, ọkọ̀ dà níbi tí Ọya àti Bẹ́núè ti pàdé. Wọ́n rí òkú àwọn méjì. Wọn ò rí ti Sámúẹ́lì títí di òní olónìí. Ilé-iṣẹ́ wo ìwé géètì, wọ́n sì kọ ọ́ pé mọ́kànlélọ́gọ́ta ti kú. Èmi tí bàbá àti ìyá ti fi sílẹ̀, tí kò níyàwó, ta ni yóò lọ bá wọn jiyàn lórí òkú mi?

Mo sáré tọ olórí wa lọ pé kí a lọ tún un ṣe. Ó dì mí mú lápá. “Kai! Pa ẹnu rẹ mọ́,” ó ní. “Tí òyìnbó bá gbọ́ pé ẹ pààrọ̀ idẹ, èmi àtìwọ la máa lọ. Òkú ti kú ná. Ìwọ máa wa ẹ̀rọ rẹ̀, ṣebí o mọ̀ ọ́n wà?” Ẹ̀rù bà mí, mo dákẹ́. Ní Sátidé, akọ̀wé owó, àlejò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé tí kò mojú ẹnikẹ́ni, pe mẹ́tàdínláàádọ́ta, mo sì jẹ́ ẹ. Mo pín owó náà sí méjì, mo gbé ìdajì lọ fún Ìyá Dúpẹ́, aya Sámúẹ́lì, tí mo ti sọ fún pé odò gbé ọkọ rẹ̀ lọ, mo ní ilé-iṣẹ́ ló ní kí n fún un. Mo rò pé oore ni mò ń ṣe. Ọ̀sẹ̀ dé, ọ̀sẹ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ ni mò ń ṣe.

Ìgbà tó tó oṣù mẹ́rin, àkókò owó-orí dé, ohun tí àwọn ará Kpata ń pè ní haraji. Ilé-iṣẹ́ fún olúkúlùkù ní ìwé tí wọ́n kọ owó tó gbà lọ́dún yẹn sí, kí a mú un lọ sí ọ́fíìsì ìjọba, kí a fi kọ fọ́ọ̀mù tiwa. Bàbá kan tó ń gba owó-orí níbẹ̀ dìde, ó kìlọ̀ fún gbogbo wa. Ó ní, “Ẹ ka ìwé ilé-iṣẹ́ yín dáadáa kí ẹ tó tẹ̀ka. Bí wọ́n bá ṣe àṣìṣe, ẹ padà lọ kí wọ́n tún un kọ. Bí wọ́n bá kọ̀, ẹ wá sọ fún mi, ẹ jẹ́ ká kọ òtítọ́ síbẹ̀. Àṣìṣe wọn ni lónìí, bí ẹ bá ti tẹ̀ka sí i, ó di tiyín.” Ẹ wò ó, ó dà bí ẹni pé èmi nìkan ló ń wò! Ìwé ọwọ́ mi sọ pé mo níyàwó, mo bímọ méjì. Mo mọ orúkọ wọn, torí èmi ni mo dúró fún wọn nígbà tí wọ́n ń ṣe ìrìbọmi. Akọ̀wé ìjọba ní kí n pè wọ́n, mo pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo ti àtàǹpàkò bọ tàdáwà, mo tẹ̀ ẹ́.

Lẹ́yìn èyí ni Ìyá Dúpẹ́ wọ aṣọ dúdú rẹ̀ lọ sí ilé-iṣẹ́ pé òun wá gba owó òkú ọkọ òun. Wọ́n ṣí ìwé. Wọ́n ní mẹ́tàdínláàádọ́ta kò kú, ó gbowó lánàá, ó san owó-orí láìpẹ́. Wọ́n ní kó lọ wò ó lọ́dọ̀ ìjọba. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ka fọ́ọ̀mù sí i létí: orúkọ rẹ̀, orúkọ ìrìbọmi àwọn ọmọ rẹ̀, àti àmì ìka ọwọ́ lábẹ́ rẹ̀. Ta ni ìbá tún mọ orúkọ wọ̀nyẹn bí kò ṣe bàbá wọn? Obìnrin yìí bú sẹ́rìn-ín ní ọ́fíìsì. Ó délé, ó bọ́ aṣọ ọ̀fọ̀, ó sì kun osùn sẹ́sẹ̀.

Àtìgbà náà ni ẹ̀rù ilé yẹn ti ń bà mí. Bí mo bá mú owó dé, á kí mi bí a ti ń kíra wa ní Bùnú, “Okún o, ọ̀rẹ́ ọkọ mi,” kò sì ní wo ojú mi. Ẹ̀yìn èjìká mi ló máa ń wò, bí ẹni pé ẹnìkan dúró síbẹ̀. “Bá mi sọ fún un pé eyín Dúpẹ́ kan ti bọ́. Sọ fún un pé mi ò bínú, ìgbà tó bá wù ú ni kó wọlé.” Àwo oúnjẹ Sámúẹ́lì á wà lórí àpótí, á ti fi ọmọrí dé e. Lọ́jọ́ kan mo ṣí i wò nígbà tí ó bọ́ sẹ́yìnkùlé. Òfìfo ni, ó sì tutù, wọ́n ti jẹ ẹ́ tán. “Ẹ̀yin ọmọ lẹ jẹ ẹ́, àbí?” Mo bi Dúpẹ́. Ó ní bàbá òun ni.

Ẹ lè ní ọmọdé ń parọ́. Kí lẹ fẹ́ sọ sí ti Sátidé kan tí akọ̀wé pe mẹ́tàdínláàádọ́ta, tí mo gbọ́ “Sà!” kí n tó la ẹnu? Mo bojú wẹ̀yìn, èmi ni mo gbẹ̀yìn ìlà. Akọ̀wé gbójú sókè, ó bi mí pé, “Ẹ̀yin mélòó lẹ ń jẹ́ nọ́ńbà kan?” Kò rẹ́rìn-ín. Adìyẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ. Mi ò lè sọ̀rọ̀, mi ò sì lè dákẹ́ mọ́. Bí wọ́n bá pe orúkọ mi gan-an lójú títì, ó máa ń pẹ́ kí n tó mọ̀ pé èmi ni.

Nígbà tí owó-orí ọdún kejì dé, tí wọ́n tún gbé fọ́ọ̀mù síwájú mi, ọwọ́ mi kọ̀, kò lọ síbi tàdáwà. Mo dọ̀bálẹ̀ fún bàbá tó ń gba owó-orí, mo sì jẹ́wọ́. Kò pariwo mọ́ mi. Ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́. Wọ́n lé mi, wọ́n lé olórí wa, mo dá èyí tí mo jẹ nínú owó náà padà díẹ̀díẹ̀. Wọ́n sì kọ lẹ́tà sí ìyàwó Sámúẹ́lì pé ọkọ rẹ̀ ló kú nínú ọkọ̀ náà, kó wá gba owó òkú rẹ̀. Èmi ni mo ní kí wọ́n fún mi ní lẹ́tà náà kí n mú un lọ, kí ó lè gbọ́ ọ lẹ́nu mi.

Mo ka á fún un lẹ́nu ọ̀nà. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún kan ó lé oṣù méjì, ó wo ojú mi. “Ọkọ mi wà láàyè títí di àárọ̀ yìí,” ó wí. “Ìwọ lo pa á.” Ó wá kígbe, igbe opó tí ó yẹ kó ti ké látìgbà pípẹ́, àwọn ará ilé sì ń sáré bọ̀, wọ́n ń bèèrè ẹni tó kú.

Ó ti kó àwọn ọmọ rẹ̀ padà sí Bùnú. Ẹ̀yin òṣìṣẹ́, ẹ ka ìwé tí wọ́n bá fún yín kí ẹ tó fọwọ́ sí i, kódà bí àṣìṣe inú rẹ̀ bá ṣe yín láǹfààní, pàápàá bí ó bá ṣe yín láǹfààní. Ìmọ̀ràn tèmi nìyẹn. Ṣùgbọ́n èmi náà ń wá ìmọ̀ràn. Ẹ̀gbọ́n Sámúẹ́lì kọ̀wé sí mi lọ́sẹ̀ yìí. Ìjọ fẹ́ máa ṣe ìrántí rẹ̀ lọ́dọọdún, ẹbí kò sì fohùn ṣọ̀kan lórí ọjọ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní ọjọ́ tí ọkọ̀ dà ni. Ìyá Dúpẹ́ ní ọjọ́ tí mo mú lẹ́tà wá ni. Wọ́n ní kí n wá dúró níwájú ìjọ, kí n sọ ọjọ́ tí Sámúẹ́lì kú. Bí mo bá pe ti ọkọ̀, mo ti dójú ti obìnrin tó gbé oúnjẹ kalẹ̀ fún òkú ju ọdún kan lọ lójú gbogbo ìlú. Bí mo bá pe ti lẹ́tà, mo ti fẹnu ara mi sọ pé èmi ni mo pa ọ̀rẹ́ mi. Ọjọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀ ni wọ́n ń retí mi. Ẹ jọ̀ọ́, ọjọ́ wo ni kí n pè?