Aṣọ Ìléwọ́ Tí Mo Fi Ń Di Bíbélì Mú

Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa, ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ni mo mọ̀ pé mo ti wà nínú ewu. Ọ̀gá mi àtijọ́ ló ránṣẹ́ pè mí. N kò ní dárúkọ rẹ̀ níhìn-ín, nítorí ó ṣì wà láyé, apá rẹ̀ sì gùn. Lọ́yà ni kí ó tó di aṣòfin, ọdún mọ́kàndínlógún ni mo sì fi ṣe akọ̀wé rẹ̀. Kò ní kí n jókòó. Ó na ìwé kan sí mi, ó ní kí n kà á. Ìbúra tèmi ni, ìfọwọ́sí tèmi ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Mo búra nínú rẹ̀ pé mo mú ìwé ìpẹ̀jọ́ dé abà kan ní òdìkejì odò, mo sì fi lé Bàbá Àdùkẹ́ lọ́wọ́ níṣojú ìyàwó rẹ̀.

Ọ̀gá ní, "Ìyá Àdùkẹ́, ìyàwó rẹ̀, ti gba lọ́yà. Wọ́n fẹ́ tún ẹjọ́ ilẹ̀ yẹn gbé yẹ̀wò, wọ́n á sì pè ọ́ wá jẹ́rìí. Akọ̀wé, ṣé o rántí pé o dé abà yẹn?"

Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ mọ̀ pé n kò dé ibẹ̀."

Ó rẹ́rìn-ín. "Èmi mọ̀ kẹ̀? Ìwọ lo búra. Ìbúra èké, ẹ̀wọ̀n ni. Àwọn ọmọ mi tó wà ní wọ́ọ̀dù yín sì mọ ilé rẹ."

Òtítọ́ ọ̀rọ̀ náà rèé. Ọjọ́ tí ó rán mi, odò kún. Mo jókòó sábẹ́ igi máńgòrò létí títì, mo jẹ búrẹ́dì àti àkàrà, mo kọ ọ́ sílẹ̀ pé mo ti jíṣẹ́, mo sì padà sí ọ́fíìsì. Kì í ṣe èmi nìkan ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Àwa akọ̀wé lọ́yà ní orúkọ tí a ń pè é, a ní a jíṣẹ́ lábẹ́ igi. Wọ́n dá ẹjọ́ náà lẹ́yìn Bàbá Àdùkẹ́, kò sì gbọ́ pé ẹnikẹ́ni pe òun lẹ́jọ́ títí katakata fi wọ oko kòkó rẹ̀. Kòkó wó tán, òun náà kò pẹ́ tó fi kú. Olóṣèlú tí Ọ̀gá bá gba ilẹ̀ náà ni ó gbé Ọ̀gá dé ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin.

Ẹ ó bi mí pé báwo ni mo ṣe ń fọwọ́ lé Bíbélì búra tí ọkàn mi ń balẹ̀. Ọ̀gá ló kọ́ mi. Ọdún tí mo kọ́kọ́ dé ọ́fíìsì rẹ̀ ló ti ní kí n máa fi aṣọ ìléwọ́ di Bíbélì mú, bí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ń làágùn. Ó ní bí awọ ara kò bá ti kan ìwé náà, ìbúra kò lè mú ènìyàn. Mo gbà á gbọ́. Ọjọ́ tí wọ́n búra fún òun náà nílé aṣòfin, mo wà láàárín àwọn tó ń wòran, mo sì rí aṣọ funfun láàárín ọwọ́ rẹ̀ àti Bíbélì. Gbogbo ènìyàn pàtẹ́wọ́. Èmi náà pàtẹ́wọ́.

Nígbà tí mo ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ délé, mo bá àwọn ọmọ ìta rẹ̀ lójúde mi. Mo gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Ní ọ̀sán ọjọ́ kẹta, lẹ́yìn àdúrà aago méjìlá, mo gbórí lé ẹ̀gbẹ́ ibùsùn, oorun sì gbé mi lọ lórí ìkúnlẹ̀.

Ọkùnrin kan dúró tì mí. Aṣọ rẹ̀ kò ní ojú rírán kankan. Ó ní, "Dìde, wọ́n ń pè ọ́," mo sì tẹ̀ lé e.

Ó kọ́kọ́ mú mi dé pápá kan tí ilẹ̀ rẹ̀ gbóná débi pé kò sẹ́ni tó lè fi ẹsẹ̀ méjèèjì tẹ̀ ẹ́ pọ̀. Àwọn tó wà níbẹ̀ ru ebè lórí, ebè náà sì ń tóbi sí i bí wọ́n ti ń rìn. Ó ní, "Àwọn tó gba ilẹ̀ onílẹ̀ nìyí. Wọ́n ń wá ibi tí wọ́n á sọ ọ́ kalẹ̀ sí." A kọjá lára àwọn alágbèrè. Olúkúlùkù dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ara rẹ̀, ó ń kanlẹ̀kùn, ó ń sọ orúkọ ara rẹ̀, àwọn ará ilé ń yọjú, wọn kò sì mọ̀ ọ́n.

Lẹ́yìn náà ni a wọ ilé ńlá kan, àga yí i po bí ti ilé aṣòfin, àwọn tó jókòó wọ agbádá, wọ́n ń sọ̀rọ̀ wọn kò sì lè dákẹ́, ọ̀rọ̀ tó bá sì jáde lẹ́nu wọn ẹyin iná ni, ẹyin iná náà a bọ́ sí àtẹ́lẹwọ́ wọn, wọ́n á sì gbé e mì, wọ́n á tún sọ̀rọ̀, ẹnì kan ń lu òòlù níwájú pé kí wọ́n máa bá a lọ, kí wọ́n máa bá a lọ, mo sì fẹ́ sá, ẹsẹ̀ mi kò gbéra.

Mo béèrè ta ni wọ́n. Ó ní, "Àwọn tó búra fún ìlú ni, tí wọ́n sì ti mọ̀ kí wọ́n tó búra pé àwọn kò ní mú un ṣẹ."

Àga kan ṣófo. Orúkọ Ọ̀gá ni wọ́n gbẹ́ sí i lára. Mo fẹ́ yọ̀, kí n má purọ́ fún yín. Ìgbà náà ni mo rí àpótí ìjókòó kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, níbi tí akọ̀wé máa ń jókòó sí. Orúkọ tèmi ló wà níbẹ̀.

Mo ní, "N kò fọwọ́ kan Bíbélì náà."

Ó ní, "Fi ọwọ́ rẹ hàn mí."

Mo na ọwọ́. Aṣọ ìléwọ́ náà ti lẹ̀ mọ́ àtẹ́lẹwọ́ mi, mo fà á, awọ ara mi ń bá a ṣí, mo ké, kò sẹ́ni tó gbójú sókè.

Ó fà mí jáde, ó mú mi gòkè dé ibi tí atẹ́gùn tútù wà. Àwọn ènìyàn jókòó lábẹ́ kòkó tó so, kò sí ẹni tó ń kánjú. Bàbá arúgbó kan dìde láàárín wọn. N kò rí i rí láyé, síbẹ̀ mo mọ̀ pé Bàbá Àdùkẹ́ ni. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ń retí èpè. Kò ṣépè. Ohùn rẹ̀ rọ̀ bí ti ẹni tó ń bá àlejò sọ̀rọ̀.

"Ọmọ mi, o kú ìrìn. A ti ń retí rẹ láti ọjọ́ yìí. Ìwé tí o ń mú bọ̀ wá fún wa dà?"

Ọ̀rọ̀ yẹn ló jí mi.

Ní ọjọ́ tí wọ́n pe ẹjọ́, Ọ̀gá jókòó níwájú nínú agbádá, ó ń wò mí. Wọ́n gbé Bíbélì wá. Ọwọ́ mi ti wọ àpò kí n tó mọ̀, ó ti fa aṣọ ìléwọ́ yọ. Mo jẹ́ kó bọ́ sílẹ̀. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ mi lásán lé ìwé náà, mo sì sọ bí mo ṣe jókòó sábẹ́ igi máńgòrò. Adájọ́ bi mí ìdí tí òun kò fi ní rán mi lọ sẹ́wọ̀n. Mo ní n kò ní ìdí kankan. Ó ní kí n máa lọ nítorí pé èmi fúnra mi ni mo jẹ́wọ́. Lẹ́yìn náà ó fagi lé ìdájọ́ àkọ́kọ́.

Ọ̀gá dúró níta lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò rẹ̀. Mo rò pé ọjọ́ ikú mi dé. Ó kàn ní, "Akọ̀wé, máa lọ sílé. Mi ò níṣẹ́ fún ẹ mọ́. Kí wọ́n gba ilẹ̀ wọn, ilé àwọn ènìyàn ti kún orí ẹ̀." Ipò aṣòfin ní Àbújá ló ń díje fún nígbà náà, ó sì wọlé. Láti ọjọ́ náà, àwọn ọmọ rẹ̀ kò dúró lójúde mi mọ́.

Mo lọ bá Ìyá Àdùkẹ́ níbi tó jókòó sí nínú ọgbà ilé ẹjọ́. Ìwé ìpẹ̀jọ́ àkọ́kọ́ yẹn ṣì wà nínú báàgì iṣẹ́ mi àtijọ́. Mo kúnlẹ̀, mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un. Kò mọ̀wé kà. Ó yí i síwá sẹ́yìn, ó ká a, ó fi í sábẹ́ ìró rẹ̀.

Ó ní, "Ó pẹ́ o, ọmọ mi. Ó pẹ́. Ṣùgbọ́n mo ti gbà á."

Bí mo ṣe ń padà sílé, oorun gbé mi nínú ọkọ̀. Ọkùnrin náà tún wá. Ó kàn fi àpótí ìjókòó kékeré náà hàn mí. Wọ́n ti fi irin họ orúkọ mi kúrò.

Ẹ̀yin ará, ẹ wo ọwọ́ yín kí ẹ tó fi búra, kí ẹ sì jíṣẹ́ tí wọ́n rán yín kí ẹni tó ni ín tó kú. Wọn kò gbé àpótí náà kúrò níbẹ̀. Orúkọ mi nìkan ni wọ́n pa rẹ́.